"Ìgbàgbọ́ rẹ mú ọ láradá": kí ni Máàkù ń sọ níbẹ̀ gan-an?

Àdùnní Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń da ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́ta báyìí. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dá bọ̀rọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀. Níjọ tó ń lọ, wọ́n pè é síwájú lọ́jọ́ ìsọjí, wọ́n ka ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Máàkù orí 5 sí i létí, wọ́n sì ní kó fọwọ́ kan aṣọ oníwàásù. Ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Lọ́sẹ̀ kejì, oníwàásù náà sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ pé bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá tó ti obìnrin yẹn ni, ara rẹ̀ ì bá ti yá. Láti ọjọ́ náà kò lọ sí ìjọ mọ́, kò sì lọ sí ọsibítù náà. Ó ní bóyá lóòótọ́ ni òun kò gbàgbọ́.

N kò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ohun tí wọ́n kọ ìtàn náà fún nìyẹn? Ṣé òṣùwọ̀n ni, tí a ó máa fi wọn aláìsàn?

Ọmọ Ìmọ́lẹ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin. Olúwa á dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Àmọ́ ká má torí àánú bo ọ̀rọ̀ Bíbélì mọ́lẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìgbàgbọ́ obìnrin náà ni. Ní Násárẹ́tì, Máàkù 6:5, kò lè ṣe iṣẹ́ agbára kankan, àìgbàgbọ́ wọn sì yà á lẹ́nu. Bí ìgbàgbọ́ kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ló dé tí Jésù ń dárúkọ rẹ̀ léraléra?

Akẹ́kọ̀ọ́ Májẹ̀mú:
Aǹtí Àdùnní, ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibi tí wọ́n máa ń ti bẹ̀rẹ̀ lórí pẹpẹ kọ́ ni Máàkù ti bẹ̀rẹ̀. Jáírù, olórí sínágọ́gù, ló kọ́kọ́ dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ń kú lọ, Jésù sì ti ń bá a lọ sílé. Ojú ọ̀nà ni obìnrin yìí ti gba ẹ̀yìn yọ. Ọdún méjìlá ló ti ń da ẹ̀jẹ̀. Kí ìtàn tó parí, Máàkù á sọ fún wa pé ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọ Jáírù, ìyẹn ni pé ìgbà tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nílé kan ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára ẹlòmíràn. Ọ̀kan ní bàbá tó lè wólẹ̀ fún un ní gbangba. Ìkejì kò ní ẹni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀. A kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun wá ni Jésù pè ní "Ọmọbìnrin". Ẹ wo ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin já, kò sí obìnrin mìíràn tí Jésù pè bẹ́ẹ̀ lójúkojú.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí èdè wa fi pamọ́ fún wa. Ohun tí Bíbélì Yorùbá tú sí "mú ọ láradá" níbẹ̀, sōzō ni ní èdè Gíríìkì tí Máàkù fi kọ ọ́. Ẹ ṣí Lúùkù 7:50, níbi tí obìnrin kan ti fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé obìnrin yẹn ń ṣàìsàn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Gbólóhùn tí Jésù sọ fún un kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ ní Gíríìkì: hē pistis sou sesōken se (sōzō náà ni sesōken). Ṣùgbọ́n "ìgbàgbọ́ rẹ gbà ọ́ là" ni Bíbélì wa kọ síbẹ̀. N kò bá àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ wí, torí n kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè gbé méjèèjì. Àmọ́ ó ti mú ká pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì láìmọ̀: ìwòsàn lọ́tọ̀, ìgbàlà lọ́tọ̀. Ẹni tó gbọ́ Máàkù ní ọ̀rúndún kìíní gbọ́ méjèèjì pọ̀.

Máàkù sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó dá dúró fún kí ara yá. Ní ẹsẹ 29, nígbà tí ìsun ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ, iaomai ló lò. Ẹ wò ó dáadáa: ara obìnrin yìí ti yá kí Jésù tó rí ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìwòsàn ara nìkan ni, ibẹ̀ ni ìtàn ì bá parí sí. Jésù ò lọ. Ó ní "Ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi?" Ó ń wò yíká títí obìnrin náà fi jáde, tó wólẹ̀, tó sọ gbogbo òtítọ́ fún un. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́ fún, láti fi gbé e ga lójú èrò. Wọn wá gbé e sọ sí ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yá, láti fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lójú èrò. Ìyẹn ló dùn mí nínú ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kristẹni ni màmá mi, nítorí náà ẹsẹ yẹn máa ń dá mi dúró. Lẹ́yìn "mú ọ láradá", ohun tó kàn ni "máa lọ ní àlàáfíà". Láti èdè Lárúbáwá ni àlàáfíà ti wá, al-ʿāfiya, ìlera sì ni wọ́n ń fi í pè lọ́hùn-ún. Ó ti wọ ẹnu Yorùbá kí odindi Bíbélì wa tó jáde ní 1884. Lẹ́nu wa, ó ti gbòòrò. Bí mo bá bi yín pé "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?", ara, ilé, ọmọ àti ọkàn yín ni mo béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ ní "láradá" kò lè gbé, mo rò pé àlàáfíà gbé e, nínú ẹsẹ kan náà.

Tólú Pẹ́kàmù:
Mo gbádùn èyí. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Èkínní, ṣé kì í ṣe pé òfin Mósè ti lé obìnrin yẹn kúrò láwùjọ ni, tí Jésù wá fọ́ òfin náà? Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Èkejì, àwọn Gíríìkì náà ní òrìṣà ìwòsàn, Asklepios. Mo rí àwòrán tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní mùsíọ́mù kan. Kí wá ni ìtàn ti Jésù fi yàtọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Májẹ̀mú:
Tólú, ti èkínní: ká ṣọ́ra níbẹ̀. Léfítíkù 15 sọ pé obìnrin tó bá ní ìsun ẹ̀jẹ̀ jẹ́ aláìmọ́, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ibùsùn rẹ̀ yóò wẹ̀, yóò sì jẹ́ aláìmọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ní kó má jáde sáàárín èrò. Máàkù náà kò kọ ọ́ níbì kankan pé ẹnikẹ́ni lé e tàbí bú u. Júù ni Jésù, Júù ni Jáírù, Júù ni obìnrin náà. Ìṣẹ́tí aṣọ tí Mátíù àti Lúùkù ní ó fọwọ́ kàn, mo gbà pé èyí tí Númérì 15 pa láṣẹ fún ọmọ Ísírẹ́lì ni. Nígbà tí Jésù sì wẹ adẹ́tẹ̀ mọ́ ní Máàkù orí 1, ohun tó sọ fún un ni pé kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà bí Mósè ti pa á láṣẹ. Kò fọ́ òfin. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àìmọ́ kò ran Jésù; ìmọ́ ló ràn wọ́n. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kàn án, òun náà tún wá di ọwọ́ òkú ọmọ mú, "Tàlítà kúmì", ìyẹn "Ọmọbìnrin, dìde", ikú ló sì sá.

Ti Asklepios: ìbéèrè gidi ni. Ní Epidauros, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, àwọn aláìsàn a máa sùn mọ́jú nínú ọgbà tẹ́ńpìlì rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ìtàn àwọn tó rí ìwòsàn sára òkúta, a ṣì ń kà wọ́n dòní. Tacitus, òpìtàn ará Róòmù, kọ ọ́ pé Vespasian, tó di olú ọba Róòmù, fi itọ́ la ojú afọ́jú kan ní Alẹkisáńdíríà. Nítorí náà, nígbà tí Máàkù kọ ọ́ pé Jésù fi itọ́ sójú afọ́jú Bẹtisáídà, kò sí ẹni tí yóò dìde pé a kò gbọ́ irú èyí rí. Bí a bá sọ pé "ó woni sàn, nítorí náà Ọlọ́run ni", à ń dá àríyànjiyàn tí àwọn tó kọ Ìhìnrere kò dá. Aísáyà 35 ló wà lọ́kàn wọn: ojú afọ́jú yóò là, etí adití yóò ṣí, arọ yóò fò bí àgbọ̀nrín. Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọba, àwọn tó wà létí ọ̀nà ló sì kọ́kọ́ kàn. Jòhánù kò tilẹ̀ pè wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu, àmì ló pè wọ́n. Àmì kì í tọ́ka sí ara rẹ̀.

Ibi tí ó tọ́ka sí nìyí, kò sì tíì yé mi tán láti ọdún tí mo ti ń kà á. Máàkù 15:31, àwọn olórí àlùfáà ń fi Jésù ṣẹ̀sín lórí igi: "Ó gba àwọn ẹlòmíràn là, ara rẹ̀ ni kò lè gbà là." Sōzō náà ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, tó sọ fún Bátíméù afọ́jú, òun ni wọ́n sọ padà sí i lójú. Ní Asklepios, ìwé ẹ̀rí ìwòsàn ló gbẹ̀yìn. Ní Máàkù, ẹni tó ń woni sàn ló gbẹ̀yìn pẹ̀lú ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Bàbá Àdúrà Iléṣà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọmọkùnrin mi ló ń bá mi tẹ èyí. Mo gbọ́ Gíríìkì yín, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwa ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ má bàa rò pé agídí ni. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ń pa èèyàn bí ewéko, oògùn òyìnbó kò ká a, oògùn ìbílẹ̀ kò ká a. Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan láàárín àwọn Áńgílíkà ti dìde, tí wọ́n di Jésù onímúláradá mú nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ lè dì mú. Nígbà tó di 1930, ìsọjí Joseph Ayo Babalola bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ní Òkè-Oyè. Ìyá mi jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà. Ó ru omi lọ síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣòjòjò, ó sì sọ fún wa títí ó fi kú pé ìyá òun dìde.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní àmì ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń run ní òru dúdú, ṣé ìtumọ̀ ni yóò mu? Ẹ má gba Jésù tó ń fọwọ́ kan ara lọ́wọ́ wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ kú àárọ̀ sà, Bàbá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, èmi náà kì í wọ wọ́ọ̀dù láìgbàdúrà. Mo ti gba obìnrin tí wọ́n gbé dé nígbà tí ojú rẹ̀ ti funfun bí òwú, tí àwọn tó gbé e wá ní ẹnìkan sọ fún un pé lílọ sí ọsibítù jẹ́ àìgbàgbọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ lọ́wọ́ wa. Mo rántí àwọ̀ ìró rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ràn láti ka Máàkù 5:26 fún wọn, pé obìnrin náà jìyà lọ́wọ́ oníṣègùn púpọ̀, ó sì ná gbogbo ohun tó ní. Òótọ́ ni, mo mọ irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni Jésù ti fi ara rẹ̀ wé oníṣègùn, pé àwọn tí ara wọn le kò nílò oníṣègùn bí kò ṣe àwọn tí ara wọn kò dá. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ó fi Tírófímù tó ń bá a rìnrìn àjò sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19! Kò kọ ọ́ pé Tírófímù kò gbàgbọ́. Nínú ìwé Sírákì tí àwa Kátólíìkì ń kà, orí 38, ó ní ká bọlá fún oníṣègùn, torí Olúwa ló dá òun náà, àti pé láti inú ilẹ̀ ni Olúwa ti mú oògùn jáde.

Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín kò gbọ́dọ̀ dúró de ìparí ìjíròrò wa. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Bí òyì bá ń kọ́ ọ tàbí àyà rẹ̀ ń já kìkì, lónìí ni.

Ọmọ Ìmọ́lẹ̀:
Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn lórí Násárẹ́tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Májẹ̀mú:
Ẹ má bínú, arákùnrin. Ẹ tún ẹsẹ náà kà dópin. Ó ní kò lè ṣe iṣẹ́ agbára níbẹ̀, "bí kò ṣe pé ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àwọn aláìsàn díẹ̀, ó sì mú wọn láradá." Àwọn aláìsàn Násárẹ́tì rí ìwòsàn gbà. Àwọn ará ìlú tí ara wọn le ni kò gbàgbọ́, àwọn tó ń sọ pé "Ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà nì kọ́ yìí, ọmọ Màríà?" Ẹsẹ tí a ń nà sí aláìsàn bíi pàṣán, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló ń bá wí.

Ẹ bá mi wo àwọn yòókù. Arọ tí wọ́n gba òrùlé sọ̀ kalẹ̀ ní Máàkù 2: "nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn", ti àwọn tó gbé e wá ni. Ọmọ Jáírù ti kú. Òkú kò lè gbàgbọ́. Ọkùnrin ọlọ́dún 38 lẹ́bàá adágún ní Jòhánù 5 kò mọ ẹni tó wò ó sàn rárá. Málíkúsì ńkọ́? Ó wá mú Jésù ní òru, wọ́n gé etí rẹ̀, Lúùkù ní Jésù fọwọ́ kan etí náà, ó sì mú un láradá. Ìgbàgbọ́ wo ni Málíkúsì ní?

Ọmọ Ìmọ́lẹ̀:
Mo ti ka Málíkúsì láìmọye ìgbà, n kò rò ó síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè tọkàntọkàn: kí wá ni ìgbàgbọ́ obìnrin náà, tí Jésù fi dárúkọ rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Májẹ̀mú:
Mo rò pé ẹsẹ 36 ló dáhùn. Jésù ṣì ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún Jáírù pé ọmọ ti kú, kó má yọ olùkọ́ lẹ́nu mọ́. Jésù ní "Má bẹ̀rù, sáà gbàgbọ́." Kí ló kù tí Jáírù lè ṣe? Kó ṣáà máa bá a rìn lọ sílé tí wọ́n ti ń sunkún. Obìnrin náà pẹ̀lú, ẹ̀rù ń bà á, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Máàkù kọ méjèèjì sílẹ̀, síbẹ̀ ó wá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó dojú kọ ni agbára wà, kò sí nínú bí ọkàn rẹ̀ ti le tó.

Bàbá Àdúrà Iléṣà:
Mo ní kí ọmọ mi ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní kó ka Jákọ́bù 5 tí mo ti ń fi òróró yan aláìsàn lé lórí láti ìgbà èwe mi. "Inú ẹnikẹ́ni ha bàjẹ́" ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí "kí ó pe àwọn àgbà ìjọ." Aláìsàn á pè, àgbà á wá. "Àdúrà ìgbàgbọ́ yóò sì gba aláìsàn náà là." Àdúrà ta ni? Ti àgbà ni. Lára àwa tó wá ni Jákọ́bù ti ń wá ìgbàgbọ́.

Ọmọdébìnrin kan wà tí mo gbàdúrà fún ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, eegun rẹ̀ máa ń dùn ún, ìrora ṣáá ni. Mo sọ fún un pé ó ń fi ọkàn méjì gbàdúrà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ti sùn. Bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé ní òpópónà kejì sí wa, mo sì ń lọ síbẹ̀ lọ́la.

Adùn ọmọ, Àdùnní, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá gbà, fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Èmi á wà lórí eékún mi láti ìgbà tí wọ́n bá gbé e wọlé títí wọn yóò fi gbé e jáde.

Ọmọ Ìmọ́lẹ̀:
Èmi náà, Bàbá. Ẹ fi aago tí wọn yóò wọlé sọ fún wa.

Àdùnní Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. A lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọjọ́ Ajé, ó ti lọ sílẹ̀ gidi. Wọ́n ti fa páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára, Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ. Bàbá, ó ní kí n fi orúkọ òun ránṣẹ́, mo ti fi í síbi ìkọ̀kọ̀.

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo dé ibi tí Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ ọ́ pé Jésù dúró títí obìnrin náà fi sọ gbogbo òtítọ́, ó ní kí n dúró. Ó ní, "Ọmọ ẹlòmíràn ń kú lọ, ó sì dúró gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ọlọ́dún méjìlá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọdún mẹ́ta náà fún mi: aṣọ tó ń fọ̀ lóru kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí i, àga tó máa ń bẹ̀rù láti dìde lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ohun méjì tí n kò lè kọ síbí. Ó sọ ọ́ títí nọ́ọ̀sì fi wá pa iná. N kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.